Ẹni Tó Gbá Ilẹ̀kùn Pọ̀ Mọ́ Ìdọ̀tí

Wọ́n ní atẹ̀wé tó wà ní ìkòríta ti fi kọ̀ǹpútà gbá ìyá ìyàwó rẹ̀ síta. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu onígbàjámọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì ti fá ààbọ̀ orí oníbàárà kan nígbà náà, kò rántí ààbọ̀ kejì mọ́. Ó ní bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, ni ìyá àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá bá bá ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, pẹ̀lú báàgì. Nígbà tí ìròyìn yìí fi máa sọdá títì dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, bọ́tìnì ti di méjì, ìyá ti gba orí òrùlé kọjá, àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri pálọ̀ sì ti di funfun báláú. Fọkanáísà ní tirẹ̀ ní òun ò lè parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, òun ò rí ìyá náà nígbà tó ń fò. Ìgbà tó balẹ̀ lòun rí i.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ ni. Ìyá jókòó sẹ́nu géètì lóòótọ́, báàgì wà lórí itan rẹ̀, bọ́tìnì sì wà nínú ọ̀ràn náà. Àmọ́ kéèyàn tó lè ya àgbàdo sọ́tọ̀ lára pòpòrò rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí atẹ̀wé náà jẹ́.

Fínnífínní ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kódà lójú rẹ̀. Àwọn kan kórìíra ejò, àwọn kan kórìíra ariwo. Ohun tí Fínnífínní kórìíra láyé ni ohun tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ṣíbí kan bá wà nílé tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí wọn ò fi jẹun, kí ṣíbí náà yáa máa wá ibi tó máa gbé. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń da agboòrùn nù. Tí òjò bá dé, á ra òmíràn, á sì dúró sójú ọ̀nà, á máa bá àwọn èèyàn ṣàròyé pé agboòrùn ti wọ́n jù. Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ bàtà ìyàwó rẹ̀ kan sọnù. Fínnífínní ju ìkejì nù, ó ní kí ni ẹsẹ̀ kan fẹ́ ṣe. Ní ọjọ́ kejì, èyí tó sọnù jáde lábẹ́ àga. Ó ju òun náà nù, nítorí pé kò ní èkejì mọ́.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin tó sáré dé, ọ̀bẹ ìgéwèé gígùn wà lórí tábìlì, òórùn íńkì sì ti wọ ara ògiri débi pé tí èèyàn bá fara tì í, yóò gbé e lọ sílé. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpolówó ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí kọ̀ǹpútà. Ìka obìnrin náà yá débi pé oníbàárà kì í tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ń bá a tún èyí tó fẹ́ sọ ṣe.

Ìyá ìyàwó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, látìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn ni ìyá náà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ ibùsùn tó fọwọ́ fọ̀, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á bo ìlú, á sì ku èyí tí wọ́n á fi bo ìlú kejì. Lójoojúmọ́, tí oòrùn ọ̀sán bá ti lé àwọn oníbàárà lọ, á gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, á máa sọ ìtàn ara rẹ̀, ọmọ á sì máa tẹ̀ ẹ́. Ìyá ò mọ̀wé kà. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tó rẹ̀ ẹ́, á ní, “Yí i sókè kí n rí i.” Ọmọ á máa yí ìwé náà lójú kọ̀ǹpútà, ìyá á sì máa wo àwọn ìlà tó ń kọjá bó ṣe máa ń wo aṣọ tó ti sá sórí okùn: ó tò, ó mọ́, ìkankan ò já bọ́.

Ọjọ́ Sátidé tí ìyá máa pé ọgọ́rin ọdún ni wọ́n fẹ́ gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú èèpo líle, lójú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi gbogbo. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló sì wà.

Kọ̀ǹpútà yìí ti falẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kí àna tó jẹ lówó. Ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Línúùsì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀bùn àbúrò ìyàwó, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní ìlú mìíràn. Nígbà tó wá kí wọn, ó wo ẹ̀rọ náà, ó mi orí, ó ní kì í ṣe pé ó ti darúgbó, ojú tó gbé kalẹ̀ ló wúwo jù ú lọ. Ó ṣàlàyé pé nínú Línúùsì, ojú ò lẹ̀ mọ́ orí. Gbogbo ohun téèyàn ń rí, àwọn àwòrán kéékèèké, ibi tí aago wà, bí fèrèsé ṣe ń ṣí tó ń pa dé, èèyàn lè fi òmíràn rọ́pò wọn, kí ohun tó wà nínú má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ló bá fi ojú tuntun kan sí i, èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Tí wọ́n bá wá tan kọ̀ǹpútà, ibì kan wà tó ń kọ́kọ́ dá èèyàn dúró bí ọlọ́dẹ. Á béèrè orúkọ, á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, á sì béèrè ojú tó wù ọ́ láti lò, tuntun ni àbí ti àtijọ́. Ilẹ̀kùn ni ọ̀dọ́kùnrin náà ń pe ibẹ̀. Gbogbo wọn mú tuntun, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ọmọ tó gbọ́ pé ìyá òun ti ọjà dé.

“Ti àtijọ́ ńkọ́?” Fínnífínní béèrè.

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bùọ̀dá. Kò jẹ, kò mu.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà rò pé òun fi ọkàn àna òun balẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹ̀sùn lòun kà sí ojú àtijọ́ lẹ́sẹ̀. Kí ló tún burú ju ohun tí kò jẹ, tí kò mu, tó sì ń gbé inú ilé? Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu Fínnífínní mọ́. Bó bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, á rí orúkọ ojú àtijọ́ tó nà gbalaja lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá wọlé, á rí i pé gbogbo nǹkan di méjì-méjì: ohun ìwo-àwòrán méjì, ìwé àkọsílẹ̀ méjì, ẹ̀rọ ìṣirò méjì, àfi bí ẹni pé ọ̀kan ò tó dá èèyàn lágara. Ojú àtijọ́ wá dà bí ìyáálé tí ọkọ ò bá sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò sì kẹ́rù rẹ̀ kúrò. Fínnífínní ń wò ó. Ara rẹ̀ ń yún un.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí, ìyàwó lọ ra bébà tí wọ́n máa fi ṣe èèpo ìwé náà. Ó wá ku Fínnífínní nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un, ó kọ gbólóhùn kan tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ géèmù kan kúrò nínú rẹ̀, ó wá fi orúkọ ojú àtijọ́ sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ronú díẹ̀. Ó wá kọ ohun kan síta tó mú kí atẹ̀wé náà sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ojú àtijọ́ ti lọ, àmọ́ ẹrù kan wà tó bá a wọlé nígbà tó ń bọ̀, tí kò sẹ́ni tó nílò wọn mọ́. Ó ka orúkọ wọn. Orúkọ náà ń ṣàn wálẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti ti. Níparí, ó béèrè jẹ́jẹ́ bóyá kí òun gbá gbogbo wọn jáde.

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Fínnífínní. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì sẹ́ni tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ò gbà, ìyàwó ò gbà, àwọn ọmọ ń sá bàtà wọn pa mọ́ fún un. Ẹ̀rọ ló wá ń bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Kò ka orúkọ kankan nínú wọn. Ta ló ń ka orúkọ ìdọ̀tí kó tó gbá a? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó káwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí sí wọn bí ẹni tó ń sin àlejò tó pẹ́ jù dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó parí, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, kó lè rí bí ilé tó mọ́ ṣe ń rí.

Òkùnkùn ló rí. Kò sí ojú tuntun, kò sí ti àtijọ́, kò sí ilẹ̀kùn tó ń béèrè orúkọ. Ìlà funfun kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú ní igun òkè, bí ojú ẹni tó jí sí ilé tí kò mọ̀. Fínnífínní dúró. Ó tún dúró. Nígbà tó ya, ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó nu gíláàsì rẹ̀, bóyá ìdọ̀tí ló bò ó.

Ẹnu ìnùnù yìí ni ìyàwó ti wọlé, bébà wà ní apá rẹ̀. Ó wo gíláàsì, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo aṣọ ìnulẹ̀.

“Ìwé ìyá mi ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Níbo?”

Ọkọ nawọ́ sí òkùnkùn náà. Ìyàwó gbé bébà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kò burú, kí ó bá òun mú fíláàṣì pupa tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ lòun fi ẹ̀dà ìwé náà sí. Fínnífínní ò ṣí dúrọ́ọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti wo inú fíláàṣì pupa náà. Ó rí ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó tún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ó pa á rẹ́. Ó ní kí ni èèyàn kan fẹ́ fi ìwé kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ó sọ ọ́ fún un. Ìyàwó ò pariwo. Ì bá pariwo ì bá sàn. Ó jókòó lé ìdì bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ ní “ọ̀gá,” bí oníbàárà ṣe ń pè é. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á ju òkùnkùn lọ.

Wọn ò mọ̀ pé ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà, àpótí rẹ̀ lọ́wọ́, fún ìtàn ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ìwé mi ló nù?” ó béèrè lọ́wọ́ àna rẹ̀.

“Mi ò tíì mọ̀, Màmá.”

“Èyí tó wà nínú fíláàṣì náà ńkọ́?”

“Mo rò pé ọ̀kan ti tó, Màmá.”

Ìyá mi orí bí ẹni tí dókítà sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún. Ó padà sí yàrá. Kéèyàn tó sín tán, ó ti jáde, ó gbé báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ kan dání, ó gba iwájú wọn kọjá lọ sẹ́nu géètì, ó jókòó. Ó ní òun ń retí mọ́tò tó máa gbé òun lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun kejì. Bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ṣe gbójú sókè láti orí tó ń fá, tó rí i.

Fínnífínní mọ báàgì yẹn. Abẹ́ ibùsùn ìyá ló ń gbé. Gbogbo Sátidé ló ń gbálẹ̀ yí i ká, kò sì ṣí i wò rí, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè tú ẹrù àna rẹ̀. Àmọ́ ohun kan kọlù ú nísinsìnyí: kò sí ọwọ́ tó lè di ẹrù yá tó báyẹn. Báàgì náà ti wà ní dídì.

“Láti ìgbà wo?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé,” ìyàwó dáhùn. “Wọ́n ní nílé ẹni tó ń da ohun tí kò níṣẹ́ nù, èèyàn kì í tú ẹrù tán.”

Tí wọ́n bá gún Fínnífínní lábẹ́rẹ́ ní àkókò yẹn, abẹ́rẹ́ ni ì bá ké, kì í ṣe òun. Ìyàwó rẹ̀ ló pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, tó gbé ohùn rẹ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ béèrè bóyá Bùọ̀dá ka orúkọ àwọn ẹrù náà kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Fínnífínní jẹ́wọ́ pé òun ò ka ìkankan. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá ṣàlàyé.

“Ilẹ̀kùn yẹn, ojú àtijọ́ ló gbé e wá, Bùọ̀dá. Nígbà tí tuntun dé, ó bá ilẹ̀kùn nílẹ̀, kò gbé tirẹ̀ wá. Ẹ lé ìyáálé, ìyáálé sì kó gbogbo ẹrù tó bá a wọlé. Ìyàwó tuntun ṣì wà nínú ilé, kò rọ́nà yọjú ni.”

Ó ní ohun tó ń gbé ayélujára wọlé náà ti bá wọn lọ, torí náà wọn ò lè ránṣẹ́ pe ilẹ̀kùn padà báyìí. Ìwé Màmá ńkọ́? Ó ní ìwé kì í ṣe ẹrù ètò, yàrá tirẹ̀ ló wà, ìgbálẹ̀ yẹn kì í sì í wọ ibẹ̀. “Àmọ́ mi ò fojú rí i. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó dúpẹ́.” Ó béèrè fíláàṣì tí òun fi gbé Línúùsì wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun mọ̀ pé Bùọ̀dá á ti dà á nù, kí àwọn kàn sọ fún òun kí òun lè múra ìrìn àjò.

Ìyàwó dìde láìsọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé agolo bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ jáde, ó da bọ́tìnì náà sórí tábìlì, fíláàṣì kan sì jábọ́ láàárín wọn. Ó ti pẹ́ tó ti mọ irú ẹni tí òun fẹ́.

Wọ́n ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, wọ́n tan án, ẹ̀rọ náà sì yá ojú tó wà nínú fíláàṣì lò, bí ẹni tó yá aṣọ aládùúgbò láti fi jáde. Láti ibẹ̀, ìyàwó wọ inú yàrá tirẹ̀. Ó wá orúkọ ìwé náà kàn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé náà ṣí, ìlà àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀ bí ìyá ṣe sọ ọ́: *Omi ló tọ́ mi dàgbà, ọṣẹ ló kọ́ mi níwà.* Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yí i sísàlẹ̀, ó yí i títí dé òpin. Ó tò, ìkankan ò já bọ́. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí fíláàṣì pupa, ó tún ṣe é sí fóònù rẹ̀, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kó tún ṣe ìkẹta.

Ọkọ jáde lọ sẹ́nu géètì. Àwọn èèyàn ti pé síbẹ̀, oníbàárà olórí ààbọ̀ wà níwájú pátápátá, aṣọ ìfárí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fínnífínní kúnlẹ̀ ti ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ní àwọn ti rí ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan ò dín. Ìyá ní inú òun dùn. Kò dìde.

“Ìwé ti wọlé,” ló sọ. “Èmi ńkọ́?”

Ìyá fọwọ́ lé báàgì náà.

“Nílé ìwòsàn, aṣọ tí wọn ò lò mọ́, èmi ni wọ́n máa ń pè láti kó o. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ kó tó ní kí n kó o. Ojú yẹn, mo ti rí i nílé rẹ. O fi wo bàtà. O fi wo agboòrùn. Mo ń retí ọjọ́ tó máa kàn mí.”

Onígbàjámọ̀, tí ìròyìn ń yún lẹ́nu bí wèrèpè, ló béèrè bóyá òótọ́ ni pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ló gbé Màmá débí, kí òun lè mọ bí òun á ṣe máa sọ ọ́.

Fínnífínní dìde, ó gba báàgì náà lórí itan ìyá, ó gbé e há abíyá. Ìyá kò gbà á padà.

“Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kẹ́ ẹ yé parọ́ mọ́ mi,” ni Fínnífínní wí fún wọn. “Bọ́tìnì, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà kan ni mo fẹ́ yọ, ilẹ̀kùn bá a lọ, nítorí mi ò béèrè ẹni tó gbé e wọlé. Màmá ò fò. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn débí. Èmi kọ́ ni mo lé wọn, àmọ́ ẹ má yìn mí fún ìyẹn. Mo ń gbálẹ̀ yí báàgì yìí ká láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ló dé tí wọn ò tíì tú u. Lónìí, ọwọ́ mi ni màá fi tú u, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì máa ní ibi tó ń gbé, bó níṣẹ́, bí kò níṣẹ́.” Ó kọjú sí aránṣọ. “Àwòrán wọn ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọlé wá wò ó. Kó bọ́ bàtà kó tó wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni.”